Irọ́ Tí Mo Pa fún Ìyá Mi Tó Ń Wẹ Òkú

Òórùn káńfọ̀ ló máa ń jí mi láàárọ̀ ọjọ́ tí obìnrin kan bá kú ládùúgbò wa ní Ọ̀fà. Àwọn ọmọ ilé mìíràn ń jí sí òórùn ẹ̀wà tàbí èéfín igi. Ní tèmi, káńfọ̀ ni. Ìyá mi á ti ṣí agolo ńlá tó ń kó irinṣẹ́ rẹ̀ sí: káńfọ̀, òwú, ìgò lọ́fínńdà, ọṣẹ tí ẹnikẹ́ni nínú ilé ò gbọdọ̀ fi fọwọ́, àti sísọ́ọ̀sì tó fi ń gé aṣọ funfun. Á ti ṣe àlùwàlá, á sì ti di gèlè rẹ̀ mọ́rí gírígírí bí ẹni tó fẹ́ lọ sóko. Bí òórùn yẹn bá ti kàn mí nímú lórí ẹní, mo mọ̀ pé èmi ni màá dáná ọ̀sán lọ́jọ́ náà, torí ìyá mi ń lọ wẹ òkú nìyẹn.

Kì í ṣe iṣẹ́ tó ń jẹun nídìí rẹ̀. Abọ́ àti ìkòkò ló ń tà ní ọjà Ọwọ́dé. Ṣùgbọ́n láàárín àwa Mùsùlùmí, obìnrin ló ń wẹ òkú obìnrin, kì í sì í ṣe gbogbo ọwọ́ ló gbà á. Ọwọ́ ìyá mi gbà á. Wọ́n ní ó máa ń gbé orí òkú bí ẹni gbé orí ọmọ tuntun, àti pé kì í jáde wá sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí lára ẹnikẹ́ni. Èmi ni mo máa ń gbé kẹ́tù omi tẹ̀lé e dé ẹnu ọ̀nà, màá sì jókòó síta títí tó fi máa parí. Kò sunkún rí níbi tó ti ń wẹ òkú. Ó ní, "Ẹni tó ń sunkún ò ní mọ ibi tó ń da omi sí."

Lẹ́nu ọ̀nà àwọn ilé wọ̀nyẹn ni mo ti kọ́kọ́ mọ̀ pé ọ̀fọ̀ kì í ṣe oríṣi kan. Nígbà tí ìyá bàbá mi kú, tó ti gbó, tó ti rí ọmọ ọmọ ọmọ, màlúù la pa. "Ẹ kú ìnáwó o," ni àwọn èèyàn ń kí bàbá mi, "ẹ̀yìn ìyá á dára." Bàbá mi ń rẹ́rìn-ín, ó ń pín ẹran, ó ń wá àga fún àlejò. Ó tó oṣù méjì lẹ́yìn ìgbà náà kí n tó bá a lẹ́yìn ilé, tó mú tẹ̀sùbáà ìyá rẹ̀ lọ́wọ́, tí èjìká rẹ̀ ń mì. Nígbà tó rí mi, ó ní kòkòrò ló wọ òun lójú. Mo gbà á gbọ́. Lójú tèmi, ìnáwó ti parí, ẹran ti tán, kí ló tún kù?

Èyí tó tẹ̀lé e kò ní màlúù nínú. Ìyá mi bí ọkùnrin kan lẹ́yìn mi, ọmọ náà ò sì lò tó ọjọ́ mẹ́jọ tí à bá fi sọ ọ́ lórúkọ. Àwọn ọkùnrin ilé wá gbé e lọ láàárọ̀, wọn ò sì sọ ibi tí wọ́n sin ín sí fún ìyá mi. Bí àṣà ṣe rí nìyẹn, abiyamọ kì í mọ sàréè ọmọ rẹ̀. Wọn ò jẹ́ kó wẹ̀ ẹ́. Àwọn obìnrin tó wá kí i ń wí ohun kan náà: "Omi ló dànù, agbè ò fọ́." Lẹ́yìn náà wọn á yí ọ̀rọ̀ padà sí òjò àti oúnjẹ. Kò ju ọ̀sẹ̀ kan lọ tí ìyá mi fi padà sọ́jà. Mo rántí pé omi ọyàn ń rin bùláòsì rẹ̀ níbi tó jókòó sí láàárín abọ́, ó sì fi ọ̀já gba àyà. Mo bi í bóyá a ò ní sunkún ọmọ náà ni. Ó ní, "Inú ni wọ́n ti ń sun irú ẹkún yẹn. Wá bá mi nu abọ́." A sì nu abọ́ títí di ìrọ̀lẹ́.

Láìpẹ́ yìí, mo gbọ́ ẹnìkan lórí rédíò tó ń ṣàlàyé pé ìbànújẹ́ ní ìpele márùn-ún: èèyàn á kọ́kọ́ ní kò rí bẹ́ẹ̀, á bínú, á bẹ Ọlọ́run, á sorí kodò, lẹ́yìn náà á wá gbà. Ohùn rẹ̀ dùn, ó ń kà wọ́n bí ẹni ka àtẹ̀gùn. Mi ò bá a jiyàn. Ó rẹ̀ mí ju kí n máa bá rédíò jiyàn lọ. Ṣùgbọ́n mo rí ìyá mi tó gun gbogbo àtẹ̀gùn yẹn lọ́sàn-án ọjọ́ kan ṣoṣo, tó tún sọ̀kalẹ̀, tó tún bẹ̀rẹ̀. Mo sì mọ ẹni tí kò jẹ́ kó dé òkè. Èmi ni.

Kàmọ́rù ni ẹ̀gbọ́n mi kan ṣoṣo. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni nígbà tí mo jẹ́ ọmọ ọdún mọ́kànlá, ó ń kọ́ṣẹ́ télọ̀. Òun ló rán yúnífọ́ọ̀mù mi, tó ṣe apá kan gùn ju èkejì lọ, tó wá ní apá tèmi gan-an ló gùn jura wọn, pé kí n lọ bẹ Ọlọ́run. Odidi ọdún kan ni mo fi wọ̀ ọ́ lọ sílé-ìwé tí àwọn ẹgbẹ́ mi ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, ọ̀gá rẹ̀ rán an lọ sí Ìjàgbò kó lọ gbé aṣọ fún oníbàárà kan. Ìjàgbò ò jìnnà. Ọ̀kadà á gbé ọ débẹ̀ kí o tó jókòó dáadáa. Ó mu ẹ̀kọ, ó ní kí n bá òun fi àkàrà méjì sílẹ̀ di ìgbà tóun bá dé, ó sì lọ. Oníbàárà náà gba aṣọ rẹ̀. Àwa ò rí Kàmọ́rù mọ́.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi mọ bí ayé ṣe rí nígbà náà. Kò sí fóònù lápò ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá jáde ti jáde nìyẹn, àfi kó dé. Bàbá mi gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ dé Ojoku, ó dé Ẹ̀rìn-Ilé, ó wọkọ̀ lọ sí Ìlọrin, ó wo ọsibítù kan tẹ̀lé òmíràn, títí kan ibi tí wọ́n ń tọ́jú òkú sí. Ọlọ́pàá kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé. Wọ́n kéde rẹ̀ ní mọ́ṣáláṣí lẹ́yìn ìrun Jímọ̀. Ọ̀sẹ̀ di oṣù.

Àwọn èèyàn ò mọ bí wọ́n ṣe máa kí wa. Bí àgbà bá kú, a ní ohun tá à ń sọ. Bí ọmọdé bá kú, a ní ohun tá à ń sọ. Ẹni tó jáde nílé láàárọ̀ tí kò wọlé mọ́ ńkọ́? Àwọn kan á ní, "Ọlọ́run á mú un dé o," wọn á sì máa wolẹ̀. Ìyá Sùúrá, alámùúlétí wa, ló ṣèèṣì wọlé wí pé, "Ẹ kú àfẹ́kù ara o." Ẹni tí èèyàn rẹ̀ ti kú là ń kí báyẹn. Ìyá mi gbé ìgbálẹ̀, ó lé e jáde pẹ̀lú bàtà ẹsẹ̀ kan. Ọdún méjì ni wọn ò fi kíra. Bàbá mi nìkan ló sọ ọ̀rọ̀ náà bó ṣe rí, ní ọjọ́ kan tó ti rìn títí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wú: "Ọmọ ẹni kú, ó sàn ju ọmọ ẹni nù lọ."

Ìyá mi kọ́kọ́ ní ilé ọ̀rẹ́ ni Kàmọ́rù wà, pé ọmọkùnrin ni, á wá sílé bí ebi bá pa á. Lẹ́yìn náà ó bínú. Ó bínú sí ọ̀gá télọ̀, ó bínú sí bàbá mi pé kò wá ọmọ dáadáa, ó bínú sí mi pé mo jẹ àkàrà méjì náà. Ó gba ààwẹ̀ nígbà tí kì í ṣe oṣù ààwẹ̀. Ó ṣe sàráà. Nígbà tó yá, kò ṣe nǹkan kan mọ́. Ó jókòó sórí ẹní nínú yàrá, omi nìkan ló fi ń kan ẹnu, eegun ọrùn rẹ̀ yọ. Bí mo bá tilé-ìwé dé, ibi tí mo fi í sí láàárọ̀ ni mo máa bá a. Ẹ̀rù ń bà mí. Mo máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà kí n tó wọlé, kí n lè gbọ́ bóyá ó ń mí.

Nínú oṣù karùn-ún tí a ti ń wá Kàmọ́rù, ìyá àgbà kan kú nílé tó wà lẹ́yìnkùlé wa. Ọmọ rẹ̀ obìnrin wá láàárọ̀, ó kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. "Ẹ dákun, Ìyá Kàmọ́rù, ìyá ti sọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ wẹ òun."

Ìyá mi ò dìde. Ó ní, "Ẹ wá ẹlòmíì. Kàmọ́rù tèmi, ta ló wẹ̀ ẹ́?"

Mo wà níbẹ̀, mò ń wọ bàtà. Mi ò gbọ́ ọ kó sọ̀rọ̀ Kàmọ́rù báyẹn rí. Obìnrin náà bú sẹ́kún, ó lọ. Gbogbo ọjọ́ yẹn nílé-ìwé, mi ò gbọ́ ohun tí tíṣà ń sọ. Ohun kan ṣoṣo ni mò ń rò: bí Kàmọ́rù bá ti kú lẹ́nu ìyá mi, ìyá mi náà máa kú sórí ẹní yẹn, a ò sì ní rí ẹni tó mọ̀ ọ́n wẹ̀ bíi tirẹ̀ tó máa wẹ̀ ẹ́. Mo gba ọ̀nà gáréèjì bọ̀ lọ́sàn-án. Mo wo àwọn bọ́ọ̀sì tó wà nílẹ̀, mo wo ojú àwọn èèyàn inú wọn. Kò sí ẹnikẹ́ni tí mo mọ̀ níbẹ̀.

Mo sáré wọlé. "Màmá, mo rí Bùrọ̀dá Kàmọ́rù!"

Ó yíjú sí mi. "Níbo?"

"Ní gáréèjì. Nínú bọ́ọ̀sì Ìlọrin. Ó juwọ́ sí mi, bọ́ọ̀sì ti ń lọ."

"Aṣọ wo ló wọ̀?"

"Ṣáàtì búlúù," ni mo wí kíá, bí ẹni pé ó ti wà lẹ́nu mi látàárọ̀.

Ó dìde. Ó kọ́kọ́ ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, ó fọwọ́ ti ògiri, ó wá fi aṣọ kan dì mọ́dìí, ó sì jáde láìwọ bàtà. Oòrùn ti ń wọ̀ kó tó padà dé. Mo sá pamọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn, mò ń retí ẹgba. Kò nà mí. Ó ní kí n ro ẹ̀bà wá. Ó jẹ ẹ́ tán, ó ní kí n bù sí i. Bí mo ṣe ń bu ọbẹ̀, ó wò mí, ó wò mí títí, ó sì fọwọ́ pa mí lórí. Ọjọ́ kejì ló padà sọ́jà. Nígbà tó máa tó oṣù kan, ó ti tún ń lọ wẹ òkú fún àwọn èèyàn.

Mo rò pé mo ti wo ìyá mi sàn. Inú mi dùn, mo tiẹ̀ ń gbéra ga díẹ̀ pé àwọn àgbà gbìyànjú tì, èmi ni mo wá nǹkan ṣe sí i. Bàbá mi nìkan ló pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ní, "Rísì, bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á bá a." Mo ní mi ò parọ́. Ó ní òun ò sọ pé mo parọ́, òwe lòun pa. Kò bi mí mọ́. Bóyá òun náà fẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀, mi ò mọ̀.

Irọ́ náà ò lọ. Ó bá wa gbé nínú ilé. Lọ́dọọdún, bí Iléyá bá ku ọ̀sẹ̀ kan, ìyá mi á kó aṣọ Kàmọ́rù jáde nínú àpótí, á fọ̀ wọ́n, á sá wọn, á lọ̀ wọ́n, á ká wọn padà. Ẹni tó wẹ gbogbo àdúgbò, aṣọ nìkan ló rí wẹ̀ nínú ọmọ tirẹ̀. Lọ́dún kẹta, bàbá mi mú Alfa wá pé kí wọ́n ṣe fìdáù fún Kàmọ́rù, kí wọ́n gbàdúrà ẹni tó ti lọ fún un, kí gbogbo ilé lè sinmi. Ìyá mi ní, "A kì í ṣe fìdáù fún alààyè. Rísì rí i." Alfa yíjú sí mi. Mo ti pé ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, mo ti ń kí ìrun márààrún, mo mọ ohun tí irọ́ jẹ́. Mo wolẹ̀. Wọ́n mu omi, wọ́n lọ.

Ọdún mọ́kànlá lẹ́yìn náà ni bàbá mi kú, láìgba àdúrà kankan lórí ọmọ rẹ̀. Ìyá mi ṣe opó rẹ̀ bó ṣe yẹ, oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá, kò wọ aṣọ ẹ̀ṣọ́, kò fi lọ́fínńdà kan ara. Lọ́jọ́ tó pé, ó wẹ̀, ó wọṣọ, ó lọ sọ́jà. Ó ṣì máa ń sunkún bàbá mi nígbà míì, ẹkún ráńpẹ́, bó bá rí ẹni tó gun kẹ̀kẹ́ kọjá. Á nu ojú, á sì máa bá iṣẹ́ lọ. "Ti bàbá ẹ ní ọjọ́ tó pé," ló wí fún mi nígbà kan. Mo mọ ẹni tí tirẹ̀ ò pé, síbẹ̀ mi ò jẹ́wọ́.

Mo ti di ẹni ọdún mẹ́rìnlélógójì báyìí. Mò ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì ìjọba kan nínú ìlú níbí, mo bí ọmọ mẹ́ta, ó sì máa ń rẹ̀ mí kí ilẹ̀ tó mọ́ tán. Ìyá mi ń gbé lọ́dọ̀ mi. Làkúrègbé ti ká a lọ́wọ́ kò. Kò lè wẹ òkú mọ́, kò lè fún aṣọ. Láti bí ọdún mẹ́fà, èmi ni mò ń bá a fọ aṣọ Kàmọ́rù. Kàmọ́rù á ti di ẹni ọdún méjìléláàádọ́ta níbi yòówù tó bá wà. Aṣọ ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún la ń fọ̀ dè é. Nígbà tí Iléyá tó kọjá yìí ń bọ̀, mò ń fún ṣáàtì kan, ó ya mọ́ mi lọ́wọ́. Kò há síbì kan, mi ò sì fà á jù. Ẹnikẹ́ni ò wọ̀ ọ́ fún ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n, fífọ̀ ló sọ ọ́ di àkísà.

Mo jókòó sídìí omi ọṣẹ. Ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn ni pé kí n lọ ra irú ṣáàtì náà lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta òkìrìkà, kí n ká a sínú àpótí, kó má baà mọ̀. Mo ti ń ro ọjọ́ tí mo máa ráyè lọ kí n tó gbọ́ ohun tí mò ń bá ara mi sọ. Irọ́ mìíràn ni mo tún fẹ́ pa. Ó sú mi. Ara mi sú mi.

Mo mú ṣáàtì náà lọ bá a níbi tó jókòó sí lọ́dẹ̀dẹ̀, omi ń kán lára rẹ̀. Mo kúnlẹ̀. "Màmá, ṣáàtì ti ya. Màmá, mi ò rí Bùrọ̀dá Kàmọ́rù lọ́jọ́sí. Irọ́ ni mo pa. Ẹ dárí jì mí."

Ó gba ṣáàtì náà, ó ń fi ìka rẹ̀ tó ti ká kò tọ ibi tó ya.

"Mo mọ̀," ó ní.

"Ìgbà wo lẹ mọ̀?"

"Lọ́jọ́ náà gan-an. Mo bi àwọn awakọ̀. Bọ́ọ̀sì Ìlọrin kankan ò gbéra lọ́sàn-án yẹn."

Mo ní, "Ṣùgbọ́n ẹ jẹun nígbà tẹ́ ẹ dé."

"Mo rí i pé ọmọ mi ń parọ́ kí n lè jẹun. Mo jẹun."

"Alfa tí Bàbá mú wá ńkọ́? Ẹ ní mo rí i."

"Kí lo fẹ́ kí n wí? Bí mo bá ní kí wọ́n ṣe fìdáù, mo ti pè ọ́ lópùrọ́ lójú àdúgbò nìyẹn, lórí ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n ẹ tó kú. Ta ló máa gbàgbé ẹ̀? Ọmọ kan ti bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́, n ò ní fi ẹnu ara mi ba èyí tó kù jẹ́. Mo ní bó bá dàgbà, á wá sọ ọ́ fúnra ẹ̀." Ó tẹ́ ṣáàtì náà sórí itan rẹ̀. "O pẹ́ o, Rísì. Látọjọ́ yìí wá, Kàmọ́rù kọ́ ni mò ń dúró dè. Ìwọ ni."

Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Kì í ṣe irú ẹkún ráńpẹ́ tó máa ń sun fún bàbá mi. Ìsàlẹ̀ ikùn ni eléyìí ti wá, ohùn rẹ̀ ròkè, ó ń pe Kàmọ́rù lórúkọ, ó ń bi í níbo ló kú sí, ó ń bi í ta ló bá a pa ojú dé. Àwọn ará ilé kejì yọjú. Gbogbo ohun tó lè pa á lẹ́nu mọ́ ló ń sáré wá sí mi létè: pé Kàmọ́rù lè wà láàyè, pé kò sẹ́ni tó rí òkú rẹ̀, pé kò sóhun tí Ọlọ́run ò lè ṣe. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ọjọ́sí ì bá ti mú ọ̀kan níbẹ̀, ì bá sì ti fi iyọ̀ sí i. Ọjọ́ orí nìkan ni mo fi jù ú lọ. Ẹ̀rù kan náà ló ń bà wá. Mo pa ẹnu mi dé, mo jókòó tì í nílẹ̀, mo sì jẹ́ kí ìyá mi sun ẹkún ọmọ rẹ̀.